Kí A Tó Ní Kí Ọmọ "Pa Á!"

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ lẹ́nu wa kí wọ́n tó mọ ẹsẹ̀ rìn dáadáa. Bí alángbá bá sáré kọjá lára ògiri, "Pa á!" Bí ọ̀pọ̀lọ́ bá fò wọ balùwẹ̀, "Pa á!" Agẹmọ ni o, ọ̀kùn ni o, òwìwí tó bà sórí igi dọ́ńgóyárò ni o, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọmọ á fa ìgbálẹ̀ yọ, á wá òkò, àwa àgbà á sì máa yìn ín pé akin ni. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju èyí lọ: nínú ẹ̀kọ́ ilé tí à ń kọ́ ọmọ, pé kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, pé kó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, ó yẹ kí á fi orúkọ àti ìṣe àwọn ẹ̀dá tó yí wa ká kún un, kó mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ kó tó gbé igi sókè.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wa kò mọ ẹranko. Ọmọ ọdún mẹ́fà á ka kìnnìún, erin àti zebra fún ọ nínú ìwé ABC láìṣi ọ̀kan. Á sọ ìtàn Ìjàpá ọkọ Yánníbo fún ọ títí oorun á fi gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé ẹyẹ wo ló ń ké lẹ́yìn fèrèsé yìí, "ẹyẹ ni" ni yóò fi dá ọ lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ibi tí ẹ̀dá pọ̀ sí ni ilẹ̀ Ìbàràpá wa yìí. Ibẹ̀ ni igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Láti Èrúwà àti Lànlátẹ̀ títí dé Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ àti Ìgàngàn, ẹ ó rí igi irú àti igi emi láàrin oko ẹ̀gẹ́ àti oko ẹ̀gúsí, ẹ ó sì tún bá igi ńláńlá létí odò Ògùn àti odò Ọ̀fìkì. Àwọn ẹ̀dá inú igbó àti ti pápá ń bá ara wọn gbé níbẹ̀.

Ẹ̀bi ọmọ kọ́. Lójú ọ̀nà oko ni wọ́n ti kọ́ àwa. Ọmọ tó bá ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí abúlé nígbà ọlidé á ti mọ ipasẹ̀ ọ̀yà, á ti mọ ihò òkété yàtọ̀ sí ihò ejò, kó tó di ọmọ ọdún mẹ́wàá. Lónìí, bí wọ́n bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó di lẹ́sìnnì, bí lẹ́sìnnì bá parí, ó di fóònù. Ẹ̀rù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ má jẹ́ ká fi pamọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu Ìgàngàn lóru ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tí ẹ̀mí ṣòfò tí ilé sì jóná, ọ̀pọ̀ òbí kò jẹ́ kí ọmọ wọn dá oko lọ mọ́. N kò lè bá wọn wí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kò bá lè lọ sóko, ẹ̀yìnkùlé ṣì wà. Ibi tí a gbin ilá, ewédú àti ata sí, tí ìbẹ́pẹ méjì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ibẹ̀ tó fún ọdún kan gbáko.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti àkọ́rọ̀ òjò. Bí oṣù kẹta bá ń parí lọ tí ojú ọ̀run ń ṣú, ẹlúlùú ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ nínú igbó ẹ̀yìn ilé, tí yóò máa ké lóhùn ìsàlẹ̀. Àwọn àgbà ní òun ló ń pe òjò, òjò náà ló sì ń pa á. Ẹ fi han ọmọ bó bá ṣe é rí: ẹyẹ aláwọ̀ pupa-rẹ́súrẹ́sú, orí dúdú, ìrù gígùn, tí kì í lè fò lọ jìnnà. Lẹ́yìn òjò ńlá kejì tàbí ìkẹta, èsúnsún á jáde. Kò sí ẹ̀kọ́ tó rọrùn tó èyí, kò sì sí ọmọ tí kì í fẹ́ ẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ tí òjò bá dá, ẹ mú wọn lọ sí ìdí òkìtì ọ̀gán, tàbí ìdí ògiri àtijọ́ tí ìkán ti wọ̀. Ẹ ó rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti lu láti inú. Àwọn jagunjagun tó lórí ńlá á kọ́kọ́ jáde, wọ́n á tò yí ẹnu ihò ká láti ṣọ́ ọ. Ìgbà náà ni àwọn oníyẹ̀ẹ́ á máa rọ́ jáde, wọ́n á gun orí koríko, wọ́n á fò.

Gbogbo wa la mọ èyí tó kù: iná mànàmáná, abọ́ omi lábẹ́ rẹ̀, kí á yan án pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹ ẹ́, oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n kó tó gba gbogbo rẹ̀ sínú abọ́, ẹ ní kó mú méjì péré, kó máa wò wọ́n nílẹ̀. Ìyẹ́ á bọ́ lára wọn. Abo á síwájú, akọ á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn tímọ́tímọ́, wọ́n á máa wá ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ wọlé, wọ́n á sì dí ẹnu rẹ̀. Ọba àti olorì nìyẹn. Bí ẹyẹ kò bá ṣà wọ́n jẹ, tí ọ̀pọ̀lọ́ kò gbé wọn mì, òkìtì tuntun ń bọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí èyí kò tún lè fi ẹsẹ̀ wó òkìtì ọ̀gán ṣeré mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lábẹ́ iná yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀lọ́ máa ń wá jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa, a ti rí àwọn ọmọ tó ń da iyọ̀ sí ọ̀pọ̀lọ́ lára láti wo bí yóò ṣe máa jà pìtìpìtì. Wọ́n ń ṣe é fún ìgbín, wọ́n ń ṣe é fún ekòló, àwa náà sì ń kọjá lọ bí ẹni tí kò rí wọn. Èyí ni mo kà sí ìwà ìkà tí ó yẹ kí òbí dá dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bó ṣe ń dunni. Kí á sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, kí á sì sọ èyí tó kù pẹ̀lú: pé kòkòrò tó ń jẹ ewé ilá wa lóru ni ọ̀pọ̀lọ́ ń jẹ, pé kò lẹ́yín, kò sì lè ṣán ènìyàn. Oje tó wà lára awọ rẹ̀ lè ta ènìyàn lójú, nítorí náà ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kó fọ ọwọ́. Ó tán.

Ìgbín náà ti jí nígbà yìí. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló ti fi ohun funfun kan dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, tó sùn sábẹ́ ewé jíjẹrà. Bí ọmọ bá ṣà á bọ̀, ẹ ní kó mú àwọn tó tóbi, kó dá àwọn kéékèèké padà.

Kòtò omi àti adágún á kún, légbénlègbé á kún inú wọn. Nípa adágún, ìtàn kan wà tí gbogbo ọmọ Ìbàràpá yẹ kó gbọ́, torí pé ìtàn tiwa ni. Yunifásítì Ìbàdàn gbé ètò ìlera kan kalẹ̀ ní Ìbàràpá ní ọdún 1963, Igbó-Ọrà ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Láti ibẹ̀ ni àwọn olùwádìí ti ń lọ sí Ìdèrè, níbi tí sòbìà ti ń dá àwọn àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà nígbà náà pé inú ara olúkúlùkù ni sòbìà ti ń wà láti ọ̀run wá. Ṣùgbọ́n aràn ni sòbìà, kòkòrò omi tíńtínní kan ló sì ń gbé ọmọ aràn náà mì. Ẹni tó bá mu omi adágún á gbé kòkòrò náà mì mọ́ ọn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan aràn á lu ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Bí ó bá ti ẹsẹ̀ bọ inú omi, ọmọ aràn á tún tú sínú rẹ̀, ó tún di ọwọ́ kòkòrò. Nígbà tí àwọn ará ìlú mọ̀ pé bó ṣe ń yí nìyẹn, aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi kò tún jẹ́ nǹkan ẹ̀gàn lójú wọn mọ́. Kànga àti ẹ̀rọ omi ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹni tí sòbìà bá mú kò sì gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ odò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ọmọ wa tí kò rí sòbìà rí, ẹ sọ fún un pé mímọ ìṣe ẹ̀dá kékeré kan ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn nínú yín ti ń bi mí nínú ọkàn pé ejò ńkọ́. Ejò ni mo tilẹ̀ fẹ́ kí ọmọ mọ̀ jù. Bí ẹ bá ní "pa á" nípa ejò, ọmọ tó gbọ́ràn á súnmọ́ ọn pẹ̀lú igi, ibi tí ejò ti ń ṣán ènìyàn sì nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tó yẹ kó gbà ni pé kó dúró, kó fà sẹ́yìn, kó pe àgbà. Paramọ́lẹ̀ kì í sá. Àwọ̀ rẹ̀ bá ewé gbígbẹ mu, á sùn jẹ́ẹ́ lójú ọ̀nà títí ẹsẹ̀ á fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, bàtà lẹ́sẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ṣèbé lè tu oró sójú ènìyàn láti òkèèrè. Omi púpọ̀ la ó fi fọ ojú náà lójú ẹsẹ̀, a kì í fọwọ́ ra á. Ọmọ kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ bọ ihò òkété. Bí ejò bá sì ṣán an, kí á má fi abẹ sín in, kí á má fi okùn fún un pinpin, kí á má fi àkókò ṣòfò nílé. Kí ó má lo ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà, kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Oògùn tó ń pa oró ejò wà, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ti ń fún ènìyàn. Kí òjò tó dé ni kí òbí ti béèrè ibi tó súnmọ́ jù tí wọ́n ti ní in, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹkún bá sọ.

Ní gbogbo ìgbà òjò, ẹ̀gà á máa pariwo lórí ọ̀pẹ àti lórí igi àgbọn láàrin ìlú. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, a ní ó ń rojọ́ bí ẹ̀gà. Ẹ jẹ́ kó wá wo ẹ̀gà fúnra rẹ̀ ní ìdájí kan. Akọ ló ń hun ìtẹ́. Á fi ẹnu ya ewé ọ̀pẹ ní tẹ́ẹ́rẹ́, á hun ún yí ara rẹ̀ ká, á wá so rọ̀ sí ẹnu ìtẹ́ náà, á máa gbọn ìyẹ́, á máa pe abo. Abo á dé, á wọlé, á yẹ inú rẹ̀ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á bá tirẹ̀ lọ. Bí kò bá sí abo tó gbà á, akọ á tú gbogbo iṣẹ́ náà palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ nídìí ìwé, tó dúró wo èyí títí tí wọ́n fi pè é wá jẹun. Ẹ̀gà ní ìbátan kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an, dúdú ni, orí àti àyà rẹ̀ pupa. Ọ̀mọ̀wé Elgood tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1958, orúkọ Ìbàdàn ni wọ́n sì fi pè é. Ìhà ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà yìí nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tó kù fún un. Ìwé ABC wo ló ní in?

Oògùn apakoríko ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nígbà òjò ju ohunkóhun lọ. A ń fọ́n ọn sí ẹ̀yìnkùlé kí á má bàa rò ó, ọmọ ń ṣeré níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ike rẹ̀ sì ń di ohun tí wọ́n fi ń pọn omi. Ìjọba, nípasẹ̀ NAFDAC, ti fòfin de èyí tí wọ́n ń pè ní paraquat láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, torí ẹni tó bá ṣèèṣì gbé e mì, ó ṣòro kó yè é. Ọkọ́ ti tó fún ẹ̀yìnkùlé. Bí ọmọ bá sì ń roko, á máa bá tata, ìrẹ̀ àti ekòló pàdé, èyí tí kò ní rí lẹ́yìn oògùn.

Òjò á kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Àwọn àlejò wa á wá dé. Àwòdì á padà wá láti òkè ọya, á máa rà bàbà lókè adìyẹ wa. Òun la ń wí pé ó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí, tó ní iṣẹ́ kúkú yá. Leékeléeke á dé tẹ̀ lé e, funfun báláú lẹ́yìn màlúù, nítorí tata tí ẹsẹ̀ màlúù ń lé sókè. Ẹ̀yin náà ti na ọwọ́ sí i rí nígbà èwe, kó lè fún yín ní èékánná funfun. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹyẹ ilẹ̀ Áfíríkà yìí fò kọjá òkun fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1877 ni wọ́n rí i ní Gúúsù Amẹ́ríkà, lónìí ó ti kún ilẹ̀ Amẹ́ríkà kárí. Bí òjò bá tún fẹ́ dé, àwọn méjèèjì á gba òkè ọya lọ.

Bí ọyẹ́ bá mú dáadáa, igi irú á tanná, bọ́ọ̀lù pupa pupa tó so rọ̀ lórí okùn gígùn. Lóru ni oje dídùn inú òdòdó náà ń sun, àdán ló sì ń wá lá a. Bí ó ṣe ń ti orí igi kan bọ́ sí òmíràn, ló ń fi ẹnu àti irun àyà gbé ìyẹ̀fun òdòdó kiri, ìyẹn ló ń jẹ́ kí igi so. Oyin náà ń ṣe díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àdán ni ọ̀gá iṣẹ́. Nígbà tí àwọn ìyá onírú bá ń se irú, tí òórùn rẹ̀ gba àdúgbò, kí ọmọ mọ ẹni tó bá wọn dá oko náà. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù àdán, wọ́n ní kò sí nínú ẹyẹ, kò sí nínú eku. Ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ gbá a mú, kò sì gbọdọ̀ jẹ èso tí àdán ti jẹ kù, torí àìsàn. Ìyẹn kò ní kí á máa sọ ọ́ lókò. Ti òwìwí kò yàtọ̀. Ẹyẹ àjẹ́ la pè é, bẹ́ẹ̀ eku ló ń pa láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àwa tí a sì ń bẹ̀rù ibà Lassa tí eku ń gbé kiri la ń yin ẹni tó pa òwìwí.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ni iná. Àwọn ọmọkùnrin wa tó ti ń bàlágà á kó ajá àti àdá, wọ́n á ti iná bọ igbó, wọ́n á dúró de ọ̀yà níhà kejì. Ọ̀yà á jáde lóòótọ́. Àwòdì á tilẹ̀ wá síbẹ̀ wá ṣà tata. Ṣùgbọ́n ahun kò lè sáré, agẹmọ kò lè sáré, ẹyin àparò kò lẹ́sẹ̀, oko kaṣú tí ẹlòmíràn tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ń bẹ lọ́nà ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé iná lọ. Òbí ló mọ ọmọ tó ń tẹ̀ lé wọn lọ. Bí ẹran bá wọlé lálẹ́, kí bàbá béèrè bí wọ́n ṣe rí i kí ìyá tó gbé ìkòkò kaná, kí ó sì dá ẹran tí wọ́n fi iná pa padà. Ó le, mo mọ̀, pàápàá nígbà tí ẹran wọ́n lọ́jà.

Fún ọmọ tí ẹran ọ̀yà wù, ọ̀nà mìíràn wà. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn ará Jámánì bá wọn dá ètò ọ̀yà sínsìn sílẹ̀ ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ó sì ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Koríko eésún, kùkù àgbàdo àti èèpo ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ, ohun tí kò wọ́n wa ní Ìbàràpá. Oṣù márùn-ún ni oyún rẹ̀, ó sì sábà máa ń bí bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ọ̀yà ni ojú rẹ̀ ti là, irun ti bo ara rẹ̀, ó sì ti ń rìn. Òbí tó bá ra akọ kan àti abo méjì fún ọmọkùnrin rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tó sì bá a kan ilé wọn, kí ọyẹ́ tó tún fẹ́ ni ọmọ náà yóò ti máa gé eésún ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ìṣáná.